Ẹ̀wà Olójú Kan

Ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà náà fi wà nínú báàgì rẹ̀,
èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.
Tíṣà Kowalchuk ló kọ ọ́:
Fẹ̀yìntọ́lá kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.
Bí a bá ń ṣe ìṣirò, ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta tábìlì nípàá;
tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, á dorí kodò lórí ìwé, á sùn lọ.
Mo kà á lórí ìdúró, nínú aṣọ iṣẹ́ òru,
òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Inú bí mi. Sí ta ni? N ò tíì mọ̀.
Ní Ìkirè, wọ́n á ti fa ọmọ létí,
wọ́n á ní olóríkunkun, kúnlẹ̀ kí o gbọ́wọ́ sókè.
Ṣùgbọ́n Winnipeg la wà, yìnyín ń bọ́ níta,
èmi nìkan ni bàbá, èmi náà ni ìyá.
Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá tíì,
mo sì bá ohun tí mo fi ń sin ọmọ lọ síléèwé pàdé:
páálí aláwọ̀ mèremère, ìgbín kan ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀.
Mo da díẹ̀ sọ́wọ́, mo sọ ọ́ sẹ́nu.
Ṣúgà.
Mo tún sọ òmíràn sẹ́nu. Ṣúgà náà ni.
Àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni adùn.

Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òpópónà Sargent,
mo ra ẹ̀wà olóyin (oyin ẹnu lásán, kò sí ṣúgà níbẹ̀),
mo ra ẹyin, mo ra ápù wẹ́wẹ́ tó ti ń rọ̀, torí ó pọ́ọ́kú.
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, a jọ ń bó ẹ̀wà nínú omi,
ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bíi ti arúgbó.
Ó gbé ẹyọ kan sókè síná:
"Dádì, kí ló dé tí ẹ̀wà fi ní ojú kan ṣoṣo?"
Irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo sì pa á:
"Kó lè máa wo ibì kan ṣoṣo ni."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó bó ẹ̀wà náà, ojú bá èèpo lọ.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kọ́ ìṣó.
Ẹsẹ̀ la fi ń lọ síléèwé báyìí, mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú wa,
nínú òtútù tó ń mú irun imú gan.
Ó ń fo òkìtì yìnyín, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ọ̀kàndínlógún,
ibẹ̀ ló ti máa ń sọnù, á tún padà sí ení.
Ọ̀gbẹ́ni Flett, tó máa ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
ti fún un ní ṣọ́bìrì kékeré tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lò rí.
Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́, ó ń wa yìnyín bí ẹni ń wa wúrà,
ooru ń rú lórí fìlà rẹ̀.

N ò ní pa irọ́ kejì.
Ní Wẹ́sidé kan, ó sunkún ìgbín ẹlẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi wú.
Lọ́jọ́ kan, oorun gbé mi lọ, bọ́gà la fi ṣe oúnjẹ alẹ́,
a jẹ ẹ́ nínú mọ́tò bí olè.
Tíṣà kò sì sọ pé ó ti di ọ̀gá kíláàsì.
Ohun tó sọ lẹ́nu géètì ni pé ó jókòó lánàá,
ogún ìṣẹ́jú gbáko, títí ó fi parí ìyọkúrò.
Ogún ìṣẹ́jú! Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín.

Lálẹ́ àná, mo ń wọ bàtà ibiṣẹ́,
ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo inú báàgì mi:
agolo Kóòkì méjì, bisikíìtì, ó tán.
"Dádì, ẹ̀yin ńkọ́? Ojú mélòó lẹ ní?"
Mo dúró díẹ̀.
Mo padà sílé ìdáná, mo kó mọ́ínmọ́ín sínú ike,
mo yọ agolo kan.
Èkejì ṣì wà nínú báàgì.
Ení nìyẹn. Ó di ọ̀la ká tó ka èjì.