Ọwọ́ Unni Lára Pákó

Kí eruku tó jí ni mo ti dé èbúté.
Mo wọ́n omi sílẹ̀ abà, bí Eilert ṣe máa ń ṣe,
mo di irun mi, mo bọ́ súwẹ́tà onírun àgùntàn,
nítorí fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sínú fáníìṣì
yóò wà níbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mí-ìn,
yóò máa wò mí.

Oṣù Karùn-ún nìyí létí òkun Nọ́wè.
Yìnyín ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, oòrùn kò fẹ́ sùn mọ́.
Gbogbo ará èbúté ti fa ọkọ̀ wọn gòkè.
Tarjei ń fi eérú pa idẹ, ó ń súfèé.
Ike ni ọkọ̀ tirẹ̀ láti orí dé ìdí,
idẹ mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀,
ó sì ń fi wọ́n yangàn
bí apárí tó ra òòyà.

Idẹ mọ́kànlélógún ni tèmi. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí tí à ń so okùn mọ́, tí okùn ti jẹ lọ́rùn;
ojú fèrèsé méjì, róbótó bí ojú òwìwí;
agogo kékeré iwájú, tí ohùn rẹ̀ ha
lọ́dún tí ìyá mi kú.
Fi idẹ sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta, yóò hu ewé.
Fi pákó sílẹ̀ lọ́dún kan, yóò hewú.
Èmi náà ti hewú.
Kò sẹ́ni tó ha mí, kò sẹ́ni tó kùn mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi jí lónìí, ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀ ló wà.
Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Unni nígbà náà.
Fáníìṣì kò tíì gbẹ. Bàbá rẹ̀ ní, “Má fọwọ́ kàn án.”
Ó fọwọ́ kàn án: ìka márùn-ún, àtẹ́lẹwọ́,
gbogbo rẹ̀ kò ju ewé kan lọ.
Eilert gbé sáńpépà, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rìndínlógójì,
à ń ha gbogbo pákó, à ń yí ọwọ́ yẹn ká
bí àgbẹ̀ ṣe ń roko yí ibojì ká.

Unni wà ní Bẹ́gẹ̀n báyìí, ó ń bá olówó ta ilé.
Fóònù rẹ̀ máa ń dún títí.

Lọ́dún yìí, omi ti wọ abẹ́ ọwọ́ náà.
Mo rí dúdú kan nídìí àtàǹpàkò,
bí eyín tó fẹ́ kẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀.
Tarjei ní, “Bó o bá fi í sílẹ̀, yóò rà wọnú.”
Mo ní ojú mi kò tíì fọ́.

Mo mú irin.
Ìka kékeré ló kọ́kọ́ lọ.
Ó ká bí èèpo àlùbọ́sà, ó pọ́n bí oyin,
ìpele lórí ìpele: èyí tó fẹ́lẹ́,
ọdún tí a kò rówó ra agolo kejì;
èyí tó ki, tó ṣe kókókókó,
ọdún tí Eilert wà lórí ibùsùn tí mo dá a kùn.
Nígbà tó kan àtẹ́lẹwọ́, mo dúró mu kọfí.
Kọfí ti tutù. Mo mu ún tán.

Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.
Kí ni mo rò pé màá bá?
Pákó ni. Pákó funfun
tó ń rùn bí ọjọ́ tí wọ́n là á.

Mo kùn ún, mo dúró kó gbẹ, mo fi sáńpépà pa á lára,
mo tún un kùn. Ẹ̀ẹ̀meje.
Ẹ̀ẹ̀meje ló máa ń tó
kí igi tó gbà láti fi ojú ẹni han ẹni.
Lẹ́ẹ̀keje, afẹ́fẹ́ dúró.
Mo rí àwọsánmà nínú pákó,
mo rí imú mi, ó fẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ,
mo rí Tarjei lẹ́yìn mi, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́,
kò súfèé mọ́.

Eṣinṣin kan fò wá, ó bà
síbi tí àtàǹpàkò wà tẹ́lẹ̀.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò ṣí. Ó gbé òmíràn.
Tarjei na ìka láti yọ ọ́.

Mo ní kó fi í sílẹ̀ jàre.