Gìgísẹ̀ Ọ̀tún

Láago márùn-ún ìdájí, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì,
mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ná.
Gìgísẹ̀ ọ̀tún, jọ̀ọ́, èmi ni,
èmi Rẹ̀mílẹ́kún, tíṣà eré ìdárayá ní Mọ̀pà,
tí mo gbé ọ gun òkè, tí mo gbé ọ sọ̀kalẹ̀,
tí mi ò ra bàtà gidi fún ọ títí a fi pé ogójì ọdún.

Kò gbọ́.
Ìṣísẹ̀ kìíní, ìṣó.
Ìkejì, ìṣó.
Nígbà tí n ó fi dé ìdí kànga, ìṣó ti di òkúta wẹ́wẹ́,
mo lè bá a rìn, mo lè fọn fèrè, mo lè pariwo mọ́ àwọn ọmọ,
ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó jẹun tán tí mo dìde,
ìṣó ni.

Mo fi Róòbù pa á. Mo fi òrí pa á.
Mo kì í bọ omi gbígbóná oníyọ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi hunjọ.
Ìyá ọkọ mi wò mí, ó ní
ẹnìkan kì í sáré inú ẹ̀gún lásán,
bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e.
Mo ní, Màmá, ẹ̀gún ọ̀hún ni ó wọ inú mi yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ Ìyàrá kan, Mẹ́dùpin, máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Kàbà,
sí yàrá kan lẹ́yìn ilé olóògùn.
Ó ní ìgbì ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú iṣan.
Ìgbì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ti Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja,
ìyẹn kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn lójú mi.
Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibẹ̀,
mo ké, ó ní, "Ibí ni."
Jẹ́ẹ̀lì tútù. Lẹ́yìn náà
kà-kà-kà-kà-kà,
bí àkókó tó rí igi tó wù ú.
Ẹgbàá ni òun yóò kàn án, kò ní dín.

Mo ní, "Mẹ́dùpin, ṣé ẹni tí ń sunkún ni à ń nà?"
Kò gbójú sókè.
"Tíṣà, ara yín ti bá ọgbẹ́ yìí gbé pẹ́,
ó ti kà á mọ́ ẹbí.
Ilẹ̀kùn ni mò ń kàn, kí onílé lè jí.
Bí ó bá ro yín lálẹ́, ẹ jẹ́ kó ro,
ẹ má tètè fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí oko bàbá mi lọ́nà Tàkété,
bí a ṣe máa ń fi kùmọ̀ lu bàrà,
gbì, gbì, láàárọ̀ kùtù,
tí a ó fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, nínú òjò,
tí eṣinṣin ó bò ó, tí yóò máa rùn,
tí èmi ọmọdé ó máa bèèrè, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?
Bàbá mi a ní kí n lọ ṣeré.
Kò sẹ́ni tí ń fọ ẹ̀gúsí lọ́jọ́ tí ó lu bàrà.

Ọjọ́bọ̀ kejì, kà-kà-kà.
Ìkẹta, mo bá a jà nítorí owó.
Ìkẹrin, òjò, mi ò lọ.
Ìkarùn-ún.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ń fẹ́,
mo ti fa omi tán kí n tó rántí
pé mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Lánàá mo sáré dé afárá. Mi ò kọjá rẹ̀.
Ó ṣì ń sọ nǹkan níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ohùn kékeré, bí ti ẹni tó wà ní yàrá kejì.
Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́yìn:
"Ọkun o. Ejò náà ńkọ́?"
Mo ní ó ń lọ.