Ibo Ni Kí N Kọ Ọ́ Sí?

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣírò owó kajú
ní ilé-iṣẹ́ wa l'Òró, lójú ọ̀nà Ajáṣẹ́.
Àpò tó wọlé, àpò tó jáde,
epo tí jẹnẹrétọ̀ mu, owó oṣù àwọn obìnrin tó ń pa kóró,
gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé mi.

Nígbà kan, ìwé yẹn ní ihò.
Ọmọ àbúrò alága a gbé lọ́rì rẹ̀ dé,
a ní, "Bàbá ní kẹ́ ẹ fún mi,"
a sì gbowó lọ láìbuwọ́ lùwé.
Ìgbìmọ̀ a pàdé ní pálọ̀ Bàbá Àjíbóyè,
wọn a jẹun, wọn a ṣàdúrà, wọn a tú ká.
Èrè ọdún náà? Ẹ bi eku.

Nígbà tí Alhaja Sàárátù Àwẹ̀ró wọ ìgbìmọ̀,
ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni risíìtì.
"Àpótí tí a kò lè ṣí lójú ará ilé,
owó inú rẹ̀ kì í ṣe tilé."
Ojú Bàbá pọ́n. Lọ́rì kò wá mọ́.
Ó tún ní ká gbẹ́ kànga fún àwọn ará ẹ̀yìn ọgbà,
epo èèpo kajú wa ló sá ba odò wọn jẹ́.
"Ẹ má pè é lọ́rẹ. Gbèsè ni.
Ẹ má sì kọ orúkọ wa sí i lára."

Abẹ́ ìnáwó ni mo kọ ọ́ sí.
Ọdún yẹn, èrè wa rù bí ajá ọdẹ.
Onípìn-ín kan láti Ìlọrin nàka sí mi:
"Akọ̀wé owó, kànga yìí, kí ló pa wọlé?"
N kò rí èsì fọ̀.

Jánúárì tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ ń fẹ́,
iná jó láti inú igbó dé ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù.
Kí panápaná tó ti Ọ̀fà dé,
àwọn ará ẹ̀yìn ọgbà ti tú jáde:
garawa, korobá, ọmọdé kan tó gbé búta àlùwàlá.
Omi kànga yẹn ni wọ́n fi pa á.
Iná jó ìyá kan lápá.
Ẹgbẹ̀rin àpò kajú kò jó.

Báǹkì wá wo ìwé, wọn ò rí ihò, wọ́n yá wa lówó.
Èrè sanra díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí,
mo mọ ọlọ́lọ ìrẹsì kan tó ṣoore títí
tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wọgbá.

Lálẹ́ yìí, mo fẹ́ pa ìwé ọdún dé.
Apá ìyá yẹn ń wá sí mi lọ́kàn.
Dúkìá ni? Gbèsè ni?
Mo gbé bírò, mo gbé e sílẹ̀,
mo fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo.
Ọ̀dítọ̀ á bèèrè lọ́la.
Kó bèèrè.