Ẹ Fẹ́ Iná Yẹn, Ìyá

Láàárọ̀ Àlàmísì ni wọ́n gbé Sífáwù Àwẹ̀ró dé láti Òkèlélé,
aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú ọ̀tún rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀.
Ìkòkò ló bú gbàmù nínú iná.
Òun ló mọ ọ́n, òun ló sun ún,
àpáàdì tí kò tó èékánná sì fò, ó wá ojú rẹ̀ wá.
"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń mọ̀kòkò," ó ní,
"èyí nìkan ló tíì bá mi jà."

Dókítà ojú ti fọwọ́. Ó wò mí láti òkè ìbòmú rẹ̀:
"Má jẹ̀ẹ́ kó húkọ́ o."
Mo mọ ohun tó ń wí.
Ẹyinjú tó ti ya dà bí ẹyin tí èèpo rẹ̀ sán:
ikọ́ kan péré láti àyà,
ohun inú rẹ̀ á tú síta, ta ni yóò kó o padà?

Oògùn tí mo fẹ́ fi pa ìrora rẹ̀ láàánú,
ṣùgbọ́n bó bá já wọ iṣan lójijì,
á máa yún ẹlòmíràn lọ́fun bí ìyẹ́ adìẹ,
ikọ́ á sì ṣáájú oorun wọlé.
Mo ti rí i rí. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ l'Ọ́fà,
awakọ̀ kan tó wá ṣiṣẹ́ abẹ ìpá:
mo ti síríǹjì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀,
ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Mo kà á.

Ọ̀gá Ganí kò bá mi wí.
Ó bu omi iyọ̀ la oògùn mìíràn lójú mi,
ó ní, "Má dà á. Kán an."
Ó nàka sí aago ara ògiri, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ìjà.
Ó ní kí n wá iṣan ẹ̀yìn ọwọ́,
kí oògùn rìn díẹ̀ kó tó délé.
Ó wá ní ọ̀kan ṣì kù tí a kì í rà ní ilé oògùn:
kí aláìsàn fẹ́ èémí jáde, ọ̀fun ní ṣíṣí,
kí oògùn tó wọlé.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni àádọ́rin ọdún?
Mo ní, "Ẹ mí síta, Ìyá." Ó mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn.
Mo ní, "Ẹ ṣe hàà." Ó rẹ́rìn-ín.
Ìgbà náà ni mo rí amọ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀,
tí ọṣẹ wa kò rí yọ.
"Ìyá, iná tí kò fẹ́ ràn, báwo lẹ ṣe ń fẹ́ ẹ?"
Ó yí ojú kan tó kù sí mi:
"Tẹ̀ẹ̀rùn ni àbí tòjò?"
"Tòjò."
"Hẹ̀n-ẹ́n. Tòjò le."
"Ẹ má fi ipá tì í o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wú."
"Ta lò ń kọ́?" Ó sì fẹ́ ẹ:
húù,
gígùn, gbígbóná, òórùn orín àárọ̀ nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán an.
Ó ń ka ìkòkò tó ṣì wà nílẹ̀ fún mi,
méjìlá ti obìnrin kan ní Pàkátà, ó ti sanwó,
mẹ́ta tó nílò ìdérí,
àti ńlá kan, ńlá yẹn, ẹ sọ fún Múníràtù kó má...
Ọ̀fun rẹ̀ dákẹ́ bí kànga.

"Kò húkọ́?" Dókítà ti mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́.
"Kò hú u."
Mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀,
omi ni, sùúrù ni, iṣan ni, àbí iná òjò yẹn.
Bóyá kì bá má hú u náà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ló lajú ẹyọ kan, ètè rẹ̀ gbẹ.
Mo sún mọ́ ọn. Mo rò pé omi ló ń bèèrè.
"Ṣé ó ràn?" ó ní.