Èèpo Àjàrà

Oṣù Kẹwàá, Beamsville, Ontario.
Aago mẹ́rin ìdájí, ọkọ̀ ńlá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún wáìnì,
ó gbé ẹ̀yìn sókè, ó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀:
èèpo, kóró, ẹ̀ka tín-ín-rín,
òkìtì tó ń rú èéfín nínú òtútù
bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò.

Oje ti wọ àgbá, àgbá ti wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀,
owó ti wọ àpò ẹni tó ni ín.
Èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní pàǹtí.
Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, inú kòtò ni wọ́n ń dà á sí,
kí kantíkantí máa fò lórí rẹ̀.

Henrieke, ọ̀gá wa, kì í pariwo.
Ó ní: “Ẹ má jẹ́ kó hó. Bó bá ti hó, àwọ̀ ti kú.”
Nítorí náà a fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́,
omi tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́,
a sì dúró.
Iṣẹ́ yìí, ìdúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Eusebio a máa wo ìwọ̀n ìgbóná, èmi a máa wo ojú omi,
títí pupa ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lára èèpo
díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń jẹ́wọ́.

A sẹ́ ẹ. A mú un gbẹ.
Ó di lẹ́búlẹ́bú, ó pọ́n títí ó fi dúdú,
èyí tí wọn ó fi pa súìtì àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ láró.
Kóró lọ fún òróró. Ìyókù lọ fún màlúù.
N kò rí ohun tó ṣẹ́kù àfi ọwọ́ mi.

Ọwọ́ mi! Akọ̀wé báǹkì wò ó, ó wò mí,
ó fi ìka kan ṣoṣo fa owó náà sọ́dọ̀.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n gbé ife kékeré wá,
mo gbàgbé àdúrà; mo ń rò ó pé
èèpo eléyìí, ta ló kó o?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo parí iṣẹ́, mo fi ọṣẹ sọ́wọ́,
pupa yí padà lójú mi, ó di aró.
Aró gidi. Mo sún mọ́ iná kí n lè tún un wò.
Ọwọ́ ìyá bàbá mi nìyí, Àṣàkẹ́ ará Ẹdẹ,
tó ń sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò,
tó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, tó ń tutọ́, tó ń sọ pé
“Kò tíì ta tó.”
Kò kàwé. Kò rí yìnyín rí.
Ó ṣáà mọ̀ pé omi eérú lè pa ohùn àwọ̀ dà.

Eusebio kanlẹ̀kùn: “Ṣé kò sí o?”
Mo ní kò sí. Mo ṣí omi ẹ̀rọ.
Aró náà ń ṣàn wọ ihò lọ, mo ń wò ó,
ó sì dùn mí díẹ̀
pé a ò kó ìyẹn náà.