Ìwé Orúkọ Anisia

Alẹ́ Sátidé ni a máa ń kọ ọ́,
lójú ewé tí a ya nínú ìwé ìṣirò mi àtijọ́:
àwọn alààyè lápá kan, àwọn òkú lápá kejì,
kí àlùfáà lè pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la
bí ẹni tó ń ka owó tí kò fẹ́ kó dín.
Ojú ìyá mi àgbà ti di fèrèsé tí yìnyín bò;
èmi ni ọwọ́ rẹ̀, òun ni ìrántí.
"Kọ Traian," ló wí. "Bàbá mi. Ìhà òkú."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,
ṣùgbọ́n ní Transilifáníà, lọ́dún tí wọ́n bí Traian,
ojú akọ̀wé ìjọba ni Ilarion kọ́kọ́ wò.
Ọmọ Họ́ngárì ni akọ̀wé ọ̀hún, gègé rẹ̀ mú:
o mú Ioan wá, János ni yóò kọ sílẹ̀;
o mú Gheorghe wá, György ni yóò bá ọ padà sílé,
bí àgùntàn tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀ lọ́nà,
tí ìyá rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ilarion kò mọ̀wé. Àlùfáà ló kọ orúkọ kan fún un,
orúkọ ọba Róòmù kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́.
Ó ká a mọ́ inú fìlà onírun rẹ̀,
ó rin wákàtí mẹ́ta nínú ẹrẹ̀.
Akọ̀wé wò ó. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún,
kò rí ibi tí yóò ti ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́.
Ó kọ ọ́ bó ṣe wà.
Ilarion ra iyọ̀ àti ìṣó díẹ̀, ó forí lé ilé,
ó ń pe ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà kó má baà gbàgbé.

"Kọ Vasile. Rárá, dúró. Kọ Lupu."
Àbúrò rẹ̀ ni. Ibà fẹ́ẹ̀ pa á lọ́mọ ọdún méjì.
Ni wọ́n bá gbé e gba ojú fèrèsé, wọ́n tà á
fún opó aládùúgbò ní owó idẹ kan ṣoṣo.
Opó náà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ní:
"Ẹ bá mi tọ́jú ìkookò mi yìí."
Lupu: ìkookò. Vasile ni ikú ń wá kiri;
ó tú ibùsùn, ó yẹ ẹ̀yìn ààrò wò,
ó jókòó ti ìkookò, kò mọ̀.
Lupu lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin láyé,
ó sì fẹ́ràn ọtí èso púlọ́ọ̀mù jù.
Àlùfáà kì í fẹ́ dárúkọ ẹranko níwájú pẹpẹ.
A ń kọ méjèèjì. Kí Ọlọ́run mú èyí tó mọ̀.

"Doru." Nínú ìwé ìjọba, Doru náà ni:
àárò ọkàn ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò fara kan ẹni mímọ́ kankan,
bàbá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú,
ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà nígbà náà.
Òru ni wọ́n rì í bọmi, wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé.
Orúkọ tó jẹ́ lóru yẹn,
etí mi ni ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ sí.
Ìjọba yẹn ti wó láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.
Kò sọ ọ́ sókè rí.

Ó ku ẹyọ kan. Ruxandra, ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń ká sitọ́bẹ́rì ní Sípéènì, ti bímọ obìnrin.
Nerea, ni mo wí.
"Ẹni mímọ́ wo nìyẹn?"
Kò sí. Èdè àwọn ará òkè kan ni. "Tèmi" ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ó dákẹ́. Igi ta pàrà nínú ààrò.
Ó ń yí orúkọ náà kiri ẹnu
bí ẹni tó jẹ ọ̀dùnkún gbígbóná.
"Bàbá mi náà, ọba kèfèrí ni wọ́n fi sọ ọ́.
Wọ́n ṣáà ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Kọ ọ́. Ìhà alààyè. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Ẹnu pẹ́ńsù ti kú. Mo wá ọ̀bẹ.