Hóró Iyèré

Ẹtù tó ń ké lẹ́yìn oko Ìpaò kì í ṣe ẹ̀tù inú agolo,
bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹtu tó ní ìwo.
Bàbá Ọdẹ́léyẹ ló kọ́ mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó mọ A, B, D.
Ó ní ẹni tó bá ṣi ohùn pè nínú igbó, ebi ni yóò gbé sùn.

Ọlidé Àjíǹde ni mo wálé,
èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì l'Ádó.
Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ùbọn olójú méjì lórí itan rẹ̀,
ó ti tú katiríìjì méjì sínú àwo ìjẹun:
ọ̀kan, ọta wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà,
èkejì tóbi díẹ̀, bí hóró iyèré.
"Èwo ló lágbára jù, tíṣà?"
Ó máa ń pe "tíṣà" yẹn bí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ní, ẹ mú ìdajì ìwọ̀n ọta,
ẹ fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀,
ẹ tún fi eré kan náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì,
ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín ni agbára.
Ó ní ìwé ò tíì pa ẹtù kan jẹ rí.

La bá gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ sára igi igbá.
Ó fi èédú ya orí ẹyẹ sí i, kò ju ẹyin adìẹ lọ,
ó ya ọrùn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka àárín.
Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni mo to ìwé ìdánwò àwọn ọmọ mi sí,
ọgọ́rùn-ún ewé,
èyí tó pọ̀ nínú wọn, òfo ni wọ́n gbà.

Ogún ìṣísẹ̀. Gbàù!
Wẹ́wẹ́ bo orí ẹyẹ bí èèsú ṣe ń bo fìtílà.
Mo ka ihò mọ́kànlélógún, mo ní ọ̀rọ̀ parí.
Ogójì ìṣísẹ̀. Gbàù!
Ihò ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé wò,
ọta ti kú sí ewé kẹtàdínlógún,
ó jókòó sórí ìdáhùn ọmọ kan
bí àlejò tó rìn títí tó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Hóró iyèré ńkọ́?
Mẹ́rin péré ló rí orí ẹyẹ.
Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ọgọ́rùn-ún ewé kọjá,
mo fi ọ̀bẹ wá wọn nínú èèpo igi.
Bàbá ní, "Ogunlọ́gọ̀ ló ń sunkún,
ẹni mẹ́rin ló ń gbé pósí."

Kò tíì sọ ìyẹn tán tó fi dákẹ́.
Ó ní lọ́dún kan, ìwọra mú òun,
òun fi wẹ́wẹ́ yìnbọn sí akọ ẹtù ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀.
Ìyẹ́ fò, ẹyẹ fò tẹ̀ lé e.
Ọjọ́ kẹta ni Máfọhùn, ajá òun, gbé e wálé,
ìdin ti wà ní apá,
ojú rẹ̀ ṣì là, ó ń wo òun.
"Tíṣà, agbára tí kò tó pa nǹkan, kí lẹ̀ ń pè é nínú ìwé?"
Mi ò rí i fún un.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì ṣì wà lára koríko,
ó fi àyà fà títí ó fi ku ọgbọ̀n ìṣísẹ̀.
Iyèré ló kì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún.

A jókòó ti ìṣasùn lálẹ́.
Ó já ẹran itan, ó dún "kọ́!" lẹ́nu rẹ̀,
ó tu ọta kan sínú àwo, ọta ń yí gbirigbiri.
"Mélòó ni agbára eléyìí báyìí?"
Mo ní òfo ni, bàbá, eré rẹ̀ ti tán.
Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi lójú:
"Eyín mi ní irọ́ ni."